Àlejò, Àjèjì àti Aláìníwèé: Àyẹ̀wò Èdè tí a fi Sọ̀rọ̀ nípa Lílé Àwọn Àjèjì ní Ọdún 1969 àti 1983

1. Ìfáárà

Kí ènìyàn kúrò ní ìlú rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn láti wá iṣẹ́ ṣe kì í ṣe ohun tuntun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé kí ìjọba fi ìwé kan ya ẹni tí ó wá ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó rú òfin. Láàárín ọdún mẹ́rìnlá péré, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì, lọ́nà méjì tí ó lòdì sí ara wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ni àṣẹ yìí lé wá sílé. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà kí oṣù náà tó parí. A fún àwọn tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ pàtàkì ní ààyè títí di ìparí oṣù Kejì. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó di ẹrù wọn.

Àwọn onímọ̀ ìtàn àti àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ti ṣe iṣẹ́ tí ó jọjú lórí ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì. Margaret Peil kọ̀wé nípa ti Gánà ní 1971, Roger Gravil kọ̀wé nípa ti Nàìjíríà ní 1985, J. S. Eades sì fi odindi ìwé kan, Strangers and Traders (1993), sọ ìtàn àwọn Yorùbá oníṣòwò ní àríwá Gánà. Kò yẹ kí á tún iṣẹ́ wọn ṣe. Ohun tí ó kù, tí ó sì jẹ́ ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, ni èdè. Orúkọ wo ni a pe àwọn tí a lé? Kí ni a fi oríkì àti òwe sọ nípa wọn? Báwo sì ni ohun tí a sọ ti bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu sí?

Ọ̀nà mẹ́ta ni a pín èrò wa sí. Èkíní, a ó fi hàn pé orúkọ tí Yorùbá ń pe ẹni tí ó wá láti ibòmíràn ń sọ nípa àjọṣe, nígbà tí orúkọ tí òfin mú wá ń sọ nípa àìní nìkan. Èkejì, a ó gbé ẹ̀sùn pé àwọn àjèjì ń gba iṣẹ́ mọ́ onílé lọ́wọ́ sórí ìwọ̀n, a ó sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Ẹ̀kẹta, a ó tako àṣà tí ó ti mọ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ lára, èyíinì ni kí á máa ka òwe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nípa ìwà ẹ̀yà kan. Ìjẹ̀bú, pàápàá agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó àti Òrù, ni a ó ti mú púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé kò sí ibi tí ìlẹ̀kùn títì àti ìlẹ̀kùn ṣíṣí ti pàdé ara wọn tó báyìí.

2. Àwọn orúkọ tí a ń pe ẹni tí ó wá

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù ni àlejò. Bí a bá wò ó dáadáa, kò sí àlejò tí kò ní onílé. Bí a bá sọ pé àlejò kan dé, ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni pé, àlejò ta ni? Orúkọ yìí kò sọ nǹkan kan nípa ìwà ẹni tí ó dé. Okùn tí ó so ó mọ́ ẹnì kan nínú ìlú ni ó ń sọ. Àjèjì yàtọ̀ díẹ̀. Ohun tí kò mọ́ ni lára ni àjèjì. A lè lò ó fún ènìyàn, a sì lè lò ó fún oúnjẹ tàbí fún àṣà. Ẹni tí ó jẹ́ àjèjì láàárọ̀ lè di ojúlùmọ̀ ní alẹ́. Àtìpó ni ẹni tí ó pẹ́ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba rẹ̀. Kòbòkóbò ń tọ́ka sí ẹni tí èdè rẹ̀ kò yé wa. Ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí onítọ̀hún bá gbọ́ Yorùbá, orúkọ náà kò bá a mu mọ́. Àtọ̀húnrìnwá ni ó le jù nínú gbogbo wọn. Bí ó tilẹ̀ le tó yìí, ọ̀nà tí ẹni náà gbà wá ni ó ń sọ, kò sọ pé ọ̀daràn ni.

Nínú gbogbo àwọn orúkọ wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó kan ìwé. Ohun tí ó wà ní ipò ìwé láyé àtijọ́ ni ènìyàn. Ẹni tí ó bá wọ ìlú yóò dé sí ilé ẹnì kan. Onílé yóò mú un lọ bá baálé, baálé yóò sì fi í han ọba tàbí olóyè. Bí àlejò bá ṣe dáadáa, ìyìn onílé ni. Bí ó bá ṣe búburú, ọwọ́ onílé ni a ó ti bèèrè rẹ̀. A kò sọ pé ètò yìí kò ní àbùkù. Ọwọ́ onílé ni àlejò wà pátápátá, ó sì lè rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó dúró níwájú ìlú.

Aláìníwèé kò jọ ìkankan nínú wọn. Orúkọ yìí kò sọ ibi tí ẹni náà ti wá, kò sọ ilé tí ó dé sí, kò sì sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní ni ó fi pe e. Olùkọ́ tí ó ti ń kọ́ni ní ìṣirò fún ọdún mẹ́ta, bírìkìlà tí ó mọ ilé tí ènìyàn ń gbé, àti olè tí ó wọlé lánàá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lábẹ́ orúkọ yìí. Òfin ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìwé. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí a gbé orúkọ òfin wọ inú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, onílé pòórá. A kò bèèrè mọ́ pé aláìníwèé ta ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnì kan ti wà tí ó gbà á síṣẹ́, ẹnì kan wà tí ó gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan sì wà ní ibodè tí ó rí i nígbà tí ó ń kọjá.

Kí a má gbàgbé pé òfin gan-an fún wọn ní ọ̀nà àtiwọlé. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láàyè láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a lé ní 1983 kò fò odi wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbà. Ohun tí ó sọ wọ́n di arúfin ni pé ọjọ́ wọn pé, wọn kò sì lọ.

3. Orúkọ iṣẹ́ tí ó di orúkọ ènìyàn

Ẹ̀rí kan wà nínú èdè tí a kì í sábà ṣàkíyèsí. Ní Gánà, Alata ni orúkọ tí a fi mọ àwọn Yorùbá. Àwọn kan gbà pé ìlú Àládà ni orúkọ náà ti wá. Àwọn Yorùbá tí ó gbé Gánà sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí aláta, nítorí pé ata wà lára ọjà tí a kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí ó wù kí ó jẹ́ orísun rẹ̀, ìtumọ̀ tí ó fìdí múlẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ń jẹ́ ẹ ni ti iṣẹ́. Ní ti àwa náà, Àgànyìn ni a ń pe àwọn ènìyàn etí òkun Tógò àti apá kan Gánà; lónìí, ẹni tí kò mọ ibi tí Tógò wà mọ ẹ̀wà àgànyìn, ó sì mọ bí ata rẹ̀ ti ń ta sánsán.

Ohun tí a rí dì mú níbẹ̀ ni pé ìlú máa ń sọ àlejò ní orúkọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí gbogbo onílé ń ṣe tẹ́lẹ̀, kò lè dá ẹnikẹ́ni mọ̀ yàtọ̀. A kì í pe ẹnì kan ní alágbẹ̀dẹ ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń rọ ọkọ́. Orúkọ iṣẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ àlejò jẹ́ ẹ̀rí pé ààyè kan ṣófo tí ó wá dí. Nítorí náà, nígbà tí ìlú kan náà bá yí padà tí ó ní aláta gba iṣẹ́ wa, orúkọ tí ìlú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ń jẹ́rìí takò ó.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà lórí àwo obì. Gbàǹja, tí oko rẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di ọlọ́rọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ni a gbà pé ó gba orúkọ rẹ̀ láti ara Gonja, ilẹ̀ kan ní àríwá Gánà. Àbàtà ni obì tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kòkó náà, tí Ìjẹ̀bú-Igbó fi kọ́lé tí ó sì fi rán ọmọ níwèé, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn irúgbìn wọ̀nyí kò ní ìwé ìgbélùú, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ pé wọ́n gba ilẹ̀ mọ́ àbàtà lọ́wọ́.

4. Oríkì àti ìlẹ̀kùn títì

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí oríkì Ìjẹ̀bú-Òde sọ nípa àjèjì tí ó bá wọ ìlú náà láàárọ̀. Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà ka ibẹ̀. Àwọn kan kà á gẹ́gẹ́ bí ìfúnnu lásán. Àwọn mìíràn kà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ọkàn Ìjẹ̀bú le sí àlejò. Ní ojú tiwa, ìkà méjèèjì fo ohun tí ó ṣe pàtàkì jù, tí í ṣe ọrọ̀ ajé.

Láàárín ọ̀sà àti ilẹ̀ òkè ni Ìjẹ̀bú wà. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ìbọn, ẹ̀tù, iyọ̀ àti aṣọ tí ó ń ti etí òkun bọ̀ ń gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú kọjá kí ó tó dé ilẹ̀ òkè, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjà ilẹ̀ òkè ń gba ọwọ́ wọn dé ọ̀sà. Iṣẹ́ alárinà ni iṣẹ́ ìlú. Bí àjèjì bá rí ọ̀nà kọjá fúnra rẹ̀, iṣẹ́ náà parí. Nítorí náà, òfin iṣẹ́ ni apá oríkì yìí, ó kàn jẹ́ pé ẹnu akéwì ni a ti gbọ́ ọ.

Kí ni ìgbẹ̀yìn òfin náà? Nígbà ogun ilẹ̀ Yorùbá, Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Afidípòtẹ́ ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ọmọ ogun Ìjẹ̀bú sì pàgọ́ sí Òrù lábẹ́ Balógun Ọnáfowókàn. Àwọn tí ìlẹ̀kùn títì yẹ kí ó dáàbò bò gan-an ni ara kọ́kọ́ ni, nítorí pé ọjà kò lọ, ọjà kò bọ̀. Ní 1883, àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó lé Awùjalẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́, tí ó fi forí lé Ẹ̀pẹ́. Ní 1892, Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, ọ̀nà sì là tipátipá. Láti ìgbà náà ni àwọn Ìjẹ̀bú ti tú jáde lọ ṣòwò káàkiri. Ní Ìbàdàn, ọmọ ẹni tí ó ti ìlẹ̀kùn náà di àtìpó nílé ẹlòmíràn, ó sì rọ́wọ́ mú níbẹ̀. Oríkì pa ìlẹ̀kùn mọ́ fún wa. Kò pa iye tí ìlẹ̀kùn náà ná ìlú mọ́. Iṣẹ́ onílámèyítọ́ ni láti fi èkejì kún èkíní.

5. Ẹ̀sùn náà lórí ìwọ̀n

Ẹ̀sùn pé àjèjì ń gba iṣẹ́ kì í ṣe irọ́ pátápátá, kò sì yẹ kí á fi ẹ̀rín lé e lọ. Bí bírìkìlà ará Gánà bá gbà láti ṣiṣẹ́ ní owó tí ó kéré sí ti bírìkìlà ará Ìjẹ̀bú-Igbó, inú bírìkìlà Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìdí láti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí èkíní fi gbà? Ní Gánà lásìkò yẹn, sídì 2.75 ni ìjọba ní kí á máa fi pààrọ̀ dọ́là kan, nígbà tí iye rẹ̀ ní ọjà fàyàwọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Náírà kan sì ju dọ́là kan lọ. Owó tí ó kéré lójú onílé jẹ́ ọrọ̀ ní ilé àlejò. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí kò ní ìwé kò lè lọ fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá bí ọ̀gá bá jẹ owó oṣù rẹ̀. Àìníwèé náà ni ó sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó jèrè rẹ̀ ni ọ̀gá tí ó gbà á síṣẹ́, onílé sì ni ọ̀gá náà. Bírìkìlà méjèèjì ni ó pàdánù, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni a ní kí ó kó ẹrù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí ó tẹ̀ lé lílé wọn. Ní 1960, nǹkan bí 100,000 Yorùbá ni ó wà ní Gánà, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti àwọn ìlú àyíká wọn. Lẹ́yìn àṣẹ 1969, ìjọba Busia fi òfin mìíràn kún un ní 1970 tí ó ya òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà. Lóòótọ́, àwọn kan rí ìsọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n oko kòkó kò rí lébìrà, nítorí pé kì í ṣe aláta nìkan ni ó lọ. Àwọn ará Òkè-Fólítà, Tógò àti Niger tí ó ń roko náà lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, ìjọba ní láti dín iye owó sídì kù gidigidi. Ní oṣù Kìíní ọdún 1972, àwọn ológun lé Busia. Kòkó Gánà, tí ó ju tọ́ọ̀nù 500,000 lọ ní 1964/65, kò ju nǹkan bí 159,000 lọ ní 1983/84. A kò lè di gbogbo èyí ru àṣẹ 1969. Owó tí kò tó tí a ń san fún àgbẹ̀, fàyàwọ́, igi tí ó ti darúgbó, ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ wà níbẹ̀. Ohun tí a lè sọ láìṣiyè méjì ni pé àṣẹ náà kò mú ọrọ̀ tí a fi polongo rẹ̀ wá.

Ti Nàìjíríà kò yàtọ̀. Lásìkò náà, epo ni ó ń pèsè èyí tí ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ nínú owó tí ọjà òkèèrè ń mú wọlé fún wa. Nígbà tí owó epo pọ̀, a ń kọ́ ọ̀nà, a ń kọ́lé, a sì ń ṣí ilé-ẹ̀kọ́. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìjọba Bísí Ọnàbánjọ ti ẹgbẹ́ UPN bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1979. Ọmọ kún ilé-ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ kò tó. Àwọn ará Gánà wà lára àwọn tí ó dí àlàfo náà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí a tó lé ẹnikẹ́ni, epo ti ń dẹ̀ lọ́jà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1982 ni Shagari ti gbé òfin ìfowópamọ́ jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 1983, OPEC dín iye owó àgbá epo kan láti dọ́là 34 sí 29. Ìdìbò sì ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ. A fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ènìyàn ni ó kúrò, nǹkan bí ìdajì wọn jẹ́ ará Gánà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ló jókòó lé iṣẹ́ wa, ó yẹ kí iṣẹ́ pọ̀ ní 1984. Ohun tí a rí ni pé ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1983, ìjọba tuntun náà sì dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1985, ìjọba Muhammadu Buhari tún lé àjèjì lẹ́ẹ̀kejì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, òun náà lọ. Ní 1986, ètò SAP dé. Àwọn olùkọ́ àti dókítà tiwa sì bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù.

6. Òwe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí òwe, ó ti di àṣà láti kó òwe bíi mẹ́fà jọ lórí kókó kan, kí á sì sọ pé bí Yorùbá ti ń rò nìyí. Ẹni tí ó fẹ́ fi hàn pé a fẹ́ràn àlejò yóò rí òwe. Ẹni tí ó fẹ́ fi hàn pé a kò fẹ́ràn wọn yóò rí òwe pẹ̀lú. Ohun tí ó bá lè gbe olùpẹ̀jọ́ tí ó sì lè gbe olùjẹ́jọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. A ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ẹṣin kì í sì í yan ibi tí ẹni tí ó gùn ún ń lọ. I. O. Délànọ̀ mọ èyí nígbà tí ó fi àlàyé ìlò kún ìtumọ̀ òwe nínú Òwe Lẹ́ṣin Ọ̀rọ̀ ní 1966. Àwa tí a tẹ̀ lé e ni a ń já ìlò dà nù.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ mẹ́rin wò. "Lójú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń san án." A máa ń lò ó láti sọ pé àlejò ń náni lówó. Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ gbèsè nínú òwe náà? Onílé ni. Àfẹ́ yẹ̀yẹ́ tirẹ̀ ni ó sì mú un jẹ ẹ́. Òwe yìí ń bá onílé wí, kì í ṣe àlejò.

Èkejì ni "Ẹrú kan ní í mú ni bú igba ẹrú." Nígbà tí ìjà Maitatsine ṣẹ̀ ní Kánò ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, tí a sì gbọ́ pé ọmọ Kamẹrúùnù ni Muhammadu Marwa tí ó jẹ́ olórí wọn, gbogbo àjèjì ni a bẹ̀rẹ̀ sí fura sí. Òwe yìí ń ṣàpèjúwe bí èébú ti ń tàn kálẹ̀. Kò sọ pé igba ẹrú náà jẹ̀bi. Ẹni tí ó bá lò ó láti dá igba lẹ́bi ti fi ìkìlọ̀ ṣe àṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni "Onílé ń jẹ èso gbìngbìndò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ̀ kan ẹ̀wà." Èyí nìkan ni ó sọ̀rọ̀ nípa àìtó tààrà, òun sì ni ó bá 1983 mu jù lọ. Kí a ṣàkíyèsí bí a ti tò ó. Onílé ti ń jẹ gbìngbìndò kí àlejò tó ya ẹnu. Ebi ti wà nílé kí àlejò tó dé. Àlejò lè ṣàìmọ̀wọ̀n ara rẹ̀ nípa bíbéèrè ẹ̀wà; ṣùgbọ́n bí a bá tì í jáde, ẹ̀wà kò ní ti ibẹ̀ wọnú ìkòkò.

Ẹ̀kẹrin ni "Ẹni tí a bá lábà ni baba." Ní àwọn abà kòkó àti obì tí ó yí Ìjẹ̀bú-Igbó ká, òwe yìí ni ó ti ń ṣètò ilẹ̀ láàárín onílẹ̀ àti ẹni tí ó wá dáko. Onílẹ̀ a máa fi í béèrè ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti pẹ́ lábà náà lè fi í kí ẹni tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ wọ̀lọ̀ kúrò. Ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú igbó ọba Omo, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ láti 1925, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti wọlé gbin kòkó láìgba àṣẹ. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá. Àwọn kan kò wá láti ibi tí ó jìnnà. Síbẹ̀, aláìníwèé ni wọ́n lójú òfin igbó. Èyí fi hàn pé kò di ìgbà tí ènìyàn bá rékọjá ibodè kí ó tó di aláìníwèé. Ó tó kí ìjọba fa ìlà, kí ebi sì wà ní apá kan ìlà náà.

7. Orúkọ àpò

Ohun kan tí 1983 fi sílẹ̀ nínú èdè wa ni Ghana-Must-Go, àpò onírọ́bà tí ó ní ìlà pupa tàbí àwọ̀ búlúù lórí funfun, tí àwọn ará Gánà kó ẹrù wọn sí. Gbólóhùn àṣẹ ni orúkọ náà. Kí ó lọ ni a ń wí ní gbogbo ìgbà tí a bá na owó rà á. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó di àpò oníṣòwò, ó di àpò akẹ́kọ̀ọ́, ó sì di àpò tí a ń lò gẹ́gẹ́ bí àmì owó rìbá nínú ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú. Ìtumọ̀ kẹ́yìn yìí yẹ kí á ronú lé lórí. Àpò tí a fi lé àwọn tí a ní wọ́n ń jẹ ọrọ̀ wa ni èdè wá fi ń pe ohun tí àwọn tí ó jẹ ọrọ̀ náà ní tòótọ́ fi ń kó o. Èdè rí ohun tí ìkéde ìjọba kò rí. Taiye Selasi fi orúkọ àpò yìí pe ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tí ó jáde ní 2013. Ní tiwa, kò tíì sí iṣẹ́ onílámèyítọ́ tí ó tó nípa rẹ̀ ní èdè Yorùbá.

8. Ìkádìí

Nígbà tí a lé àwọn ará Gánà ní 1983, àwọn tí a lé láti Kumasi àti Tamale ní 1969 ṣì wà láàyè ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà. Àwọn ọmọ tí a bí fún wọn ní Gánà kò tíì gbàgbé èdè Twi. A ní òwe tí ó ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ohun tí a kò sábà fi kún un ni pé ìyálé tí a nà náà lè di ẹni tí ń nawọ́ pàṣán. Òwe mìíràn sì ní ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Òkò 1983 kò tíì balẹ̀. Òfin tí Gánà ṣe ní 2013 ní kí àjèjì tí yóò ta ọjà ní mílíọ̀nù dọ́là kan. Ní 2019 àti 2020, a ti ìsọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan ṣe ìwọ́de ní Gánà pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní Bìrìtì àti ní Amẹ́ríkà, ọmọ wa wà tí a ń pè ní aláìníwèé, ẹ̀sùn kan náà ni a sì fi ń kàn wọ́n.

A kò sọ pé kí ìlú má ní ibodè. Ohun tí a ń béèrè kéré sí ìyẹn. Kí onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí ó bá ń ka iye àwọn tí a lé máa ka iye àwọn tí ó gbà wọ́n síṣẹ́ pẹ̀lú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ òwe máa sọ ẹni tí ó pa òwe, ẹni tí a pa á fún àti ọdún tí a pa á, kí ó tó sọ pé Yorùbá rò báyìí. Kí á sì dá onílé padà sínú gbólóhùn tí a ti yọ ọ́ kúrò.

Ní Òrù, níbi tí ọmọ ogun Ìjẹ̀bú pàgọ́ sí nígbà tí a ti ọ̀nà, ni ìjọba Nàìjíríà fi àwọn tí ogun lé kúrò ní Liberia àti Sierra Leone sí ní àwọn ọdún 1990. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ibẹ̀ títí di 2007 tí a ti àgọ́ náà pa; àwọn mìíràn kò lọ lẹ́yìn náà. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá wà ní Yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, tí kò jìnnà sí Òrù rárá. Orúkọ wo ni àwọn ará Òrù àti Ìjẹ̀bú-Igbó ń pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Àlejò ni, àtìpó ni, tàbí aláìníwèé? Iṣẹ́ pápá tí ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa tètè lọ ṣe nìyẹn, kí àwọn tí ó lè dáhùn tó tán.